Ìlà Tí N Kò Fà

Mo fi ṣọ́ọ̀kì ya Ìlódè sára pátákó lóru:
ẹnì kọ̀ọ̀kan, àmì róbótó kan;
ẹni tó ń kí ẹnìkejì, ìlà tín-ín-rín láàárín wọn.
Onígbáméjì ń gba orí ìlà kọjá
bí èèrà ti ń tọ okùn ìsáṣọ.

Mo wá bu ìròyìn sí i bí iyọ̀.
Mọrẹ́nikẹ́ aránṣọ yọ orí lójú fèrèsé:
"Ẹ se omi kí ẹ tó mu ún o!"
Ìlà kan náà ló gbé ohùn rẹ̀,
ẹsẹ̀ ohùn sì yá ju ti àrùn lọ.
Pupa ń dínkù lórí pátákó. Inú mi dùn.

Àmọ́ ẹ̀rù a máa ṣá bí aṣọ tó pẹ́ lóòrùn.
Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìkòkò ti kúrò lórí iná;
kẹrosíìnì ti wọ́n.

Àmì kan wà ní kọ̀rọ̀ tí ìlà kankan ò kàn:
Màmá Fádèyí, ẹ̀yìn kànga,
tí kì í yà lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni.
Mo ní àrùn ò ní mọ ilé rẹ̀.
Ìròyìn náà ò mọ̀ ọ́n.
Omi mọ̀ ọ́n.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán.
Mo gbọn ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́,
mo wá bàtà mi lábẹ́ àga.