Gbèsè Ọjọ́bọ̀

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Dundee ti ṣú.
Òtútù ń bu ìka mi jẹ nínú ìbọ̀wọ́;
mo wakọ̀ dé iwájú ilé Lachlan,
ẹni tó ní, "Tó bá di Ọjọ́bọ̀, màá sanwó."
Ọjọ́bọ̀ mẹ́fà ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Mo fàyà wọ́ lábẹ́ pákó ilé yìí,
mo bá wáyà tí eku ti bọ́ láṣọ;
òun dúró lókè, ó ń bi mí
bóyá yóò pẹ́.

Mo gbọ́wọ́ sókè láti kanlẹ̀kùn.
Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà nínú yàrá,
ó ń fi òjìji ọwọ́ ṣe ehoro lára ògiri.
Iná náà kò ṣẹ́jú.
Iná kò mọ onígbèsè.

Mo sọ ọwọ́ kalẹ̀.
Màá padà wá.
Lọ́jọ́bọ̀.