Ẹyọ Owó Inú Ìbọ̀wọ́

Ní ìlú wa, lápá àríwá Fínlándì,
níbi tí oòrùn kì í yọ ní Dìsẹ́ńbà,
ilé-iṣẹ́ bébà ti tìlẹ̀kùn.
Èéfín rẹ̀ tí a máa ń bú pé ó ń rùn,
òun náà la wá ń fojú wá lójú ọ̀run.

Bàbá mi, Tauno, kò sọ̀rọ̀.
Igi ló ń là.
Láàárín ìtí méjì, lẹ́yìn ilé,
ni ìgò ọtí wà.
Mo mọ ibẹ̀ kí n tó mọ̀wé kà.

Ìyá rán wa ní wàrà.
Ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù,
ó ń ṣẹ́jú sí wa bí ìbátan.
Bàbá gbé mi sókè, ó ní, "Tẹ̀ ẹ́, Mirva."
Mo tẹ̀ ẹ́. Owó dà wàrà-wàrà.
A gbàgbé wàrà.
Ẹ̀rín rẹ̀ kan ṣoṣo lọ́dún yẹn nìyẹn.

Ẹ má bi mí pé kí ló sún mi débẹ̀.
Mo ń tọ́jú àwọn arúgbó lóru,
ẹ̀yìn ń ro mí, owó ilé ń lé mi kiri.
Bí mo bá dúró níwájú ẹ̀rọ náà láàárọ̀,
tí aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn mi,
kì í ṣe owó ni mò ń wá.
Apá tó gbé mi sókè ni.

Lánàá, ọmọ mi, Eetu, mú ìbọ̀wọ́ mi,
ó gbọ̀n ọ́n.
Ẹyọ yúrò kan bọ́ sórí yìnyín.
Kò béèrè nǹkan kan.
Ó ti mọ ibẹ̀.