Má Bi Í Léèrè Ní Àárọ̀ Nìkan

Yàrá ẹ̀rọ ilé ìwòsàn wa ní Ìkìjà
fẹ̀yìn ti àpáta.
Ẹni tó kọ́ ọ kò fẹ́ náwó sí ògiri kẹrin,
ó ní òkúta ti mọ ọ́n tán kí a tó dé.

Mo dé ní agogo mẹ́fà ààbọ̀, ìrì ṣì wà lára bàtà mi.
Mo yọ wáyà iná, mo ka ení títí dé ẹ̀wá, mo tún un kì bọ̀ ọ́.
Ẹ̀rọ mí kanlẹ̀.
Gbogbo ojú rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún là lẹ́ẹ̀kan náà,
wọ́n sì tún padé.
Òkùnkùn díẹ̀.
Ó wá ń bi ara rẹ̀ léèrè
bí ọmọ tó ṣubú, tó ń fọwọ́ wá orúnkún:
ṣé ìrántí mi pé? ṣé atẹ́gùn ń wọlé?
Èkíní, àwọ̀ ewé. Èkejì, àwọ̀ ewé.
Mi ò mí títí ó fi kọjá èkeje.
Àwọ̀ ewé.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé: ara rẹ̀ le.

Ní agogo méjì ọ̀sán, Nọ́ọ̀sì Mojírádé ké láti yàrá káàdì:
“Ó tún ti ṣe é o! Orúkọ ìyá ìbejì ni mo ń tẹ̀,
ó dúró sí àárín!”
Mo sáré. Èkeje ti pọ́n bí agbálùmọ̀,
kò kú, kò yè,
ó ń ṣẹ́jú bí ẹni tí iyanrìn kó sí lójú.

Ẹ̀ẹ̀mejì la ti pààrọ̀ ẹ̀rọ yìí.
A ti bú wáyà, a ti bú eku,
a ti bú iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná títí dé ìran bàbá wọn.
Ọmọkùnrin tó tà á fún wa ní Òmídá
kì í gbé ìpè wa mọ́.

Ọjọ́bọ̀ ni mo bẹ Ọ̀gá Ṣóbándé kó wá wò ó,
ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ nígbà tí fóònù ṣì ń so mọ́ ògiri.
Kò tú nǹkan kan.
Ó jókòó sórí àpótí bátìrì, ó ṣí fìlà,
ó ní kí n pa fáànù àjà kí òun gbọ́ràn.
Lẹ́yìn náà ló gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àpáta,
ó sì fà á yọ kíá.
“Iyùnadé, agogo mélòó lo máa ń dán an wò?”
“Àárọ̀ ni, sà.”
Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá a dúró.
“Abẹ́ òkúta lo gbé e sí, o wá ń bi í léèrè nígbà tí òkúta ń sùn.
Láti agogo mẹ́wàá ni nǹkan yìí ti ń jẹ oòrùn,
bó bá yó, ara ẹ̀rọ rẹ ló ń pọ̀ ọ́ sí.
Fáànù méjì ló ní. Gbọ́. Ohùn ẹyọ kan là ń gbọ́.
Bi í báyìí.”

Mo yọ iná. Ení títí dé ẹ̀wá. Mo kì í bọ̀ ọ́.
Kò tilẹ̀ dé èkeje kó tó jẹ́wọ́:
ojú kékeré kan lápá òsì,
tí mo ti ń fojú fò láti oṣù mẹ́ta,
pọ́n, kò ṣẹ́jú, ó ń wò mí.

A gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, a pààrọ̀ fáànù.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà, pẹ̀lú owó ọ̀kadà.
Mojírádé tẹ orúkọ ìyá ìbejì parí.

Bí a ti ń sọ̀kalẹ̀, ọ̀gá mi di irin àtẹ̀gùn mú.
Mo ní kó jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀.
Ó ní wọ́n wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ Ajé, ó dára, ó dára gan-an.
Mo ní, agogo mélòó?

Kò dá mi lóhùn.
Ó ń wo àwọn òrùlé páànù tó wà nísàlẹ̀,
bí oòrùn ti ń ṣẹ́jú lára wọn,
ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí irin.