Omi Tútù

Omi tútù ni mo tọrọ,
omi tútù náà ni mo rí:
tútù bí ewé ẹ̀gẹ́ tí òjò àkọ́rọ̀ bà,
tútù títí mi ò fi rí ìka ẹsẹ̀ mi nínú rẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó sí ọ́fíìsì ìjọba,
tí mò ń ka fáìlì lábẹ́ iná tó ń ṣẹ́jú.
Nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì tẹ̀ mí lọ́wọ́,
mo gbẹ́ ilẹ̀ pupa ẹ̀yìnkùlé wa ní Kúje,
mo to búlọ́ọ̀kù, mo fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì,
mo da igba ọmọ àrọ̀ sí i,
mo gbé àga kalẹ̀ kí n lè máa wo ẹja.

Ọjọ́ kẹsàn-án, ojú omi di.
Ohun kan bí irun so mọ́ ògiri,
ó ń yọ̀, ó ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́,
bí ẹni tó ti wà níbẹ̀ kí n tó ra ilẹ̀.
Ewédò. Ta ló pè é?
Ta ló júwe ilé wa fún un?

Ìbídùn yọjú lójú fèrèsé ilé ìdáná:
"Bàbá Ọ̀rẹ́dolá, ṣé ẹja lẹ fẹ́ jẹ ni,
àbí dígí lẹ fẹ́ máa wò?"
Mi ò dá a lóhùn. Mo ká ṣòkòtò sókè.

Mo fa omi gbẹ. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ògiri
títí èékánná mi fi di àwọ̀ ewé.
Mo pe àwọn mẹ́rúwà, ọmọlanke mẹ́rìnlá,
kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá-mẹ́wàá lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Omi mọ́ gaara. Mo jókòó. Mo rí ìrù ẹja.
Ọjọ́ kẹfà, ó ti padà.
Mo tún fà á gbẹ.
Ọjọ́ kẹrin, ó ti padà.
Bí mo ṣe ń yára lé e ló ń yára bọ̀,
bí ọmọ tí a ní kó má wá mọ́
tó sì gbàgbé bàtà rẹ̀ sílé wa.

Ẹnìkan ní kí n da álọ́ọ̀mù sí i. Mo dà á.
Ilẹ̀ mọ́, ẹja mọ́kàndínlógún
dojú ikùn kọ ọ̀run, funfun,
mo sì rí wọn kedere.
Omi náà mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Shékwólò, ará Gbàgyí tó ń ro oko iṣu lẹ́yìn ọgbà wa,
fi ìgbọ̀nwọ́ lé ògiri, ó ń jẹ àgbàdo sísun.
"Ọ̀gá," ó ní, Yorùbá rẹ̀ ń tiro díẹ̀,
"ìwọ bọ́ omi. Ìwọ kò bọ́ ẹja."
Ó nawọ́ sí oúnjẹ tó ti rì sísàlẹ̀,
ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀kúnwọ́ àánú mi, tó ń jẹrà.
Ó tún nawọ́ sókè, sí oòrùn
tí kò rí igi kan bá jà lágbàlá mi.

Mo dín oúnjẹ kù sí èyí tí wọ́n lè jẹ tán
kí n tó ka oókan dé ọgọ́rùn-ún.
Mo na imọ̀ ọ̀pẹ bo ìlàjì ojú omi.
Mo lọ bu ojúoró létí odò,
inú báàfù tí a fi wẹ Ọ̀rẹ́dolá lọ́mọdé ni mo fi gbé e wálé.
Wọ́n ní ojúoró ní í lékè omi;
ó dáa, kó wá lékè tèmi,
kó wá ṣe agboòrùn fún àwọn ọmọ àrọ̀.
Ní òwúrọ̀, mo máa ń fi ọ̀pá ká ewédò
bí ẹni ń ká òwú,
màá dà á sí ìdí tòmátì.

Kò mọ́. Mi ò ní parọ́ fún yín.
Ó rí bí tíì tí a gbàgbé sórí tábìlì.
Nígbà mìíràn, ọjọ́ mẹ́ta á kọjá
kí n tó rí irùngbọ̀n àrọ̀ kan ṣoṣo.
Ṣùgbọ́n tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí mo bá fọ́n oúnjẹ,
omi á hó lójijì,
ẹnu á yọ, ẹnu á wọlé,
ẹnu tí mi ò mọye.

Lánàá, Ìbídùn gbé àga tirẹ̀ wá.
Ó ní òun ò wá wo ẹja o.
Ó ní tòmátì lòun ń wò.