Okùn Méjì Lórí Omi Ejiba

Kí oòrùn tó yọjú lẹ́yìn àpáta
mo ti wà lórí omi tí ìjọba sé,
omi tó bo oko bàbá mi mọ́lẹ̀,
tó ku orí igi emi gbígbẹ kan péré níta.

Ìdí igi yẹn ni mo ń dúró sí.
Mi ò kì í tu ọkọ̀ káàkiri.
Mo ń ju ìwọ̀,
mo ń fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ká òwú,
mo tún ń jù ú.
Ṣíbí ìdáná ni ìjẹ mi, mo gé ọrùn rẹ̀,
mo dán an títí ó fi ń kọ mànà lábẹ́ omi.
Ìyàwó mi ò tíì mọ ibi tó wọlẹ̀ sí.

Gíwá ni mo ń wá.
Gàm̀bàrí ló pè é bẹ́ẹ̀, wọ́n ní erin omi ni,
àwa náà ò rí orúkọ tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ fún un.
O lè jù nígbà ọgọ́rùn-ún kó tó wò ọ́.
Ó sì lè wò ọ́ tán létí ọkọ̀, kó yíjú padà
bí olówó tí a kí tí kò jẹ́.

Mẹ́jàbí ò ní irú sùúrù yẹn.
Ó de ẹ́ńjìnnì mọ́ ìdí ọkọ̀,
ó so okùn mẹ́ta sẹ́yìn,
ó ń wọ́ wọn kiri bí ẹni ń fa ewúrẹ́ lọ sọ́jà.
Ó ní, "Tíṣà, ẹni tó bá rìn ló ń pàdé ẹja."
Mo ní, "Pẹ́tírólù lò ń fún omi mu."
Ó rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín. Kò dénú.

Ọjọ́bọ̀ kan, kùrukùru bolẹ̀,
ó gba iwájú mi kọjá láìkí mi,
ibi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jù sí gan-an ló là já.
Okùn mi gbéra, ó sáré.
Mo ké "Jésù!", mo fẹsẹ̀ ti igi ọkọ̀,
mo fà, ó fà.
Òun náà ti pa ẹ́ńjìnnì, ó ń pariwo pé òun ti mú u.
Àṣé èmi ni ẹja rẹ̀,
òun ni ẹja mi.

Ọ̀rọ̀ kún mi lẹ́nu.
Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi bá ọmọ ọlọ́mọ wí,
mo mọ èyí tí ń wọ eegun.
Ṣùgbọ́n okùn ti lọ́ mọ́ okùn,
a ní láti so ọkọ̀ pọ̀, kí orí wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn.
Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀.
Ó ní láti ìgbà tí Ìyá Tọ́balólú ti lọ,
bí òun bá dúró sójú kan, òun á máa gbọ́ ohùn rẹ̀.
Mi ò fèsì. Mo ń wá orí okùn.

Lọ́dọ̀ tiwa, "Okun o" là ń kí ẹni tí a bá pàdé.
Kò jáde lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀ yẹn.
Kò sì jáde lẹ́nu tèmi,
èmi tí mo rí i tó ń bọ̀ lókèèrè
tí mo dákẹ́, tí mo ń retí àṣìṣe rẹ̀.

Ní báyìí, tó bá ti rí orí igi emi,
á rọ ẹ́ńjìnnì lóhùn.
"Okun o, Tíṣà! Apá wo lẹ jù sí?"
Màá fi àgbọ̀n júwe, màá gbé ọ̀pá mi sókè,
á gba ẹ̀yìn mi kọjá,
ìgbì rẹ̀ á mi ọkọ̀ mi díẹ̀, á sì lọ.

Síbẹ̀, jíjù ni mo fara mọ́.
Lánàá ló mú gíwá kan tó ga tó ọmọ kíláàsì kejì,
ó fi orí rẹ̀ ránṣẹ́ sílé wa.
Ìyàwó mi sè é, ó gbé e kalẹ̀, èéfín ń sọ,
ó wo inú agbọ̀n àwo, ó wò mí:
"Ṣíbí mi ńkọ́?"