Ìwọ̀n Aránṣọ

Abẹ́rẹ́ kì í ṣe àlejò fún ìka mi.
Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń ránṣọ ní Òkè-Balógun, ní Ẹ̀pẹ́,
ọdún mẹ́rìnlá tí mo fi ń sá fún ẹ̀jẹ̀ ara mi
kó má baà kán sórí léèsì oníléèsì.
Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí oyún yìí ti pé oṣù mẹ́ta,
ní ìdájí, kí ariwo ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ létí ọ̀sà,
èmi ni mo ń gún ara mi,
tí mo ń fún ìka bí ẹni ń fún ọsàn gbígbẹ,
tí mo ń bẹ ẹ̀jẹ̀ pé kó jáde wá,
ẹ̀kán kan péré,
kó wá jẹ́rìí.

Ẹ̀rọ kékeré náà a kọ́kọ́ dákẹ́.
Ìdákẹ́ yẹn gùn ju oyún lọ.
"Méjìdínlọ́gọ́fà," ló wí ní ọjọ́ Ajé.
Mo mọ ohun tí mo jẹ. Ẹ má bi mí.
Ó dáa, ẹ bi mí:
búrẹ́dì ni, gbígbóná, láti ilé búrẹ́dì ẹ̀yìnkùlé wa,
mo dúró jẹ ẹ́ nínú òkùnkùn bí olè.

Nọ́ọ̀sì Ọnàfowókàn kò bú mi.
Ó ní, "Rófíátù, má febi pa ara rẹ. Ebi kì í ṣe oògùn.
Òkèlè ni kó o dín kù, má dín ẹja.
Ẹ̀wà dára, ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú dára, ṣùgbọ́n wíwọ̀n ni wọ́n.
Ohun tó bá dùn nínú ìgò, jẹ́ kó máa dùn níbẹ̀.
Tó o bá jẹun tán, dìde, rìn."
Mo fi ṣọ́ọ̀kì aránṣọ kọ ọ́ sára ògiri.
Ó ní ẹ̀bà mi kò gbọdọ̀ ju ìkúùkù mi lọ;
mo fa téèpù yọ, mo wọn ìkúùkù: ínǹṣì mẹ́wàá.
Gàníyù bi mí bóyá bùbá ni mo fẹ́ rán fún ẹ̀bà.

Ìyá rẹ̀ gbé ìkọ́kọrẹ́ dé lọ́jọ́ Ẹtì
nínú abọ́ tó tó wẹ ọmọ.
"Ẹni méjì lò ń jẹun fún o!"
Mo ní, "Mọ̀ọ́mì, ẹnì kejì ò tíì ní eyín."
Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀,
àmọ́ kò gbé abọ́ náà padà.
Mo bu ìpọnbẹ̀ kan.
Mo to ọ̀bọ̀kún yí i ká,
mo fi ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ di gbogbo àyè tó kù.

Lálẹ́, èmi àti Gàníyù a rìn lọ sétí omi.
Òórùn pọfupọ́ọ̀fù ń pè mí lórúkọ àbísọ.
N ò jẹ́ ẹ.

Àkọ́bí mi wọn kìló márùn-ún ó dín díẹ̀.
Wọ́n hó yèè ní yàrá ìrọbí: ọmọ bàǹtàbanta!
Kò sẹ́ni tó ti wọn ẹ̀jẹ̀ mi nígbà náà.
Ó ń gbọ̀n
nínú aṣọ tí mo fọwọ́ ara mi rán.
Kí ilẹ̀ tó mọ́

Aṣọ náà ṣì wà nínú àpótí. N ò tíì tú u.
Aṣọ tó bá tóbi jù, mo lè dín in.
Aṣọ ni mo mọ̀ ọ́n dín.

Láàárọ̀ yìí: mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé oníbàárà mi,
láàárín àyà Ìyá Ṣèkínátù
àti ìbàdí ìyàwó Lèmọ́mù.
Ọmọ ta mí nípàá lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni ń béèrè iye tó jẹ́.
Mo sọ fún un.
Lẹ́yìn náà mo gbé ẹ̀wà kaná,
mo sì fi owú sínú abẹ́rẹ́ kejì.