Ìbéèrè Kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Agbaninímọ̀ràn ni wọ́n ń pè mí.
Owó iṣẹ́ mi ọjọ́ kan, dọ́là ni wọ́n fi ń kà á;
mi ò ní sọ iye rẹ̀ fún Ìyá Jẹ́nríyìn
tó gbé àpótí fún mi kí n jókòó,
tí òun fúnra rẹ̀ jókòó sórí àwọ̀n tí wọn ò tíì tún ṣe tán,
létí omi Bàrígà, lórí pákó tó ń mì
bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ.

Ẹ ti wá rí, ó ní.
Mo ní, Èmi kọ́, mà.
Ó ní, Gbogbo yín náà ni:
ẹ̀wù aláìlápá, orúkọ iléeṣẹ́ gàdàgbà lẹ́yìn.
Sẹ̀nápọn tó tukọ̀ gbé mi wá fọwọ́ bo ẹ̀rín.

Mo ṣí tábúlẹ́ẹ̀tì.
Ẹni mélòó ló ń gbé inú ilé yìí? Níbo lẹ ti ń pọn omi?
Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ jẹun lánàá?
Ó ń dáhùn bí ẹni ń yọ eegun ẹja lẹ́nu ọmọ,
pẹ̀lẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan,
títí a fi dé ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n:
Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni kú nínú ilé yìí láàárín oṣù méjìlá?
Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ó ní, Ilé wo?
Èyí tí a wà nínú rẹ̀ yìí, àbí èyí tí wọ́n wó?

Omi ń lu òpó lábẹ́ wa.

Ó ní, Ọjọ́ tí katapílà dé ni mo ń rọbí.
Agbẹ̀bí wà lódìkejì, mo mọ̀ ọ́n, ó mọ̀ mí,
ṣùgbọ́n kálukú ló ń fi ọkọ̀ rẹ̀ kó bẹ́ẹ̀dì, kó ìkòkò.
Inú ọkọ̀ àbúrò ọkọ mi ni mo bí i sí, láàárín ẹja yíyan.
Ọjọ́ mẹ́fà ló lò.
Ọjọ́ kẹjọ la sì ń sọmọ lórúkọ.
Ẹni tí ò lórúkọ, báwo lẹ ṣe ń kọ ọ́?
Kò kú sínú ilé. A ò nílé.

Mi ò mọ èyí tí n ó tẹ̀.
Ẹ̀rọ náà kò sì jẹ́ kí n kọjá láì tẹ ọ̀kan.

Nínú yàrá kan ní Yábàá, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń kán tó-tó-tó sínú páànù,
mo kọ ọ́ báyìí:
*agbo ilé tí kò ní àǹfààní sí agbẹ̀bí tó kọ́ṣẹ́
lásìkò ìṣípòpadà.*
Ọ̀gá mi kọ̀wé láti òkè òkun: Ó dára púpọ̀.
Gbé e sẹ́yìn ìwé, pẹ̀lú àwọn àfikún.
Ìtàn obìnrin kan kì í ṣe ẹ̀rí.

Kò sówó ìpadàlọ nínú ètò ìnáwó.
Mo fowó ara mi wọkọ̀ Sẹ̀nápọn.
Mo ka gbólóhùn yẹn fún un. Ó ní kí n tún un kà.
Ta ni wọ́n ń bá wí?
Ẹ̀yin ni, mà.
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú.
Èmi! Agbẹ̀bí kọ́ṣẹ́ o, ó kọ́ ọ yanjú.
A ò sì ṣípò padà. Wọ́n lé wa ni.
Ṣé ẹ kọ ẹni tó lé wa síbẹ̀?

Àdéhùn mi, ojú ewé kẹrin, ìlà tó kẹ́yìn:
mo wo ẹsẹ̀ mi.

Ó ní, Ẹ kà wá, ẹ tún wa kà, ẹ ò kà wá sí.
Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́
bí ẹni ń sọ pé omi ti ń fà.

Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀,
ó dárúkọ kan sí mi létí.
Ohun tí à bá sọ ọ́ nìyẹn. Ẹ má kọ ọ́ síbì kankan.

Lọ́jọ́ Ẹtì mo fi ìwé owó iṣẹ́ ránṣẹ́:
ọjọ́ mọ́kànlá.
Mi ò ka ọjọ́ tí mo padà lọ mọ́ ọn.